Àwa Ọmọ Tí Ń Kan Ògiri Kiri Savalou

Etí mi wà lára ògiri, etí àwọn ọmọ méje mìíràn náà wà níbẹ̀, a tò bí aláǹgbá tí ń yá oòrùn. Ògiri náà tutù. Òórùn èéfín àtijọ́ àti ti ewúrẹ́ ń jáde lára rẹ̀, èérún amọ̀ pupa sì ń já bọ́ sínú irun mi tí Tàǹtí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá tó kó wa dé ibẹ̀ ká ìka àárín rẹ̀ kò, ó fi oríkèé rẹ̀ kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta: kì, kì, kì. Ó dúró. Ó bi wá pé kí ni ògiri wí.

Ọmọkùnrin kan, irú èyí tí ń dáhùn kí ìbéèrè tó parí, sọ pé ògiri kò wí nǹkan kan.

"Ara rẹ̀ le nìyẹn," ni bàbá náà wí. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

A pàtẹ́wọ́ fún ògiri. Obìnrin tí ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àgbàlá yọjú láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó rí ọmọ mẹ́jọ tí wọ́n ń yẹ́ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ sí, ó sì rẹ́rìn-ín títí tí ó fi ní láti gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Bàbá náà kí i, ó kí i kú iṣẹ́ ògiri, nítorí àwọn obìnrin ilé náà ni wọ́n ń rẹ́ ẹ lọ́dọọdún kí òjò tó dé. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó bu ẹ̀pà fún wa. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn kan nínú wa ti ń wo ilé pẹ̀lú ojú ẹni tí ebi ń pa.

Bí ẹ bá rò pé orí gbogbo wa kò pé, ẹ kò jẹ̀bi. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. N kò tí ì lò ju oṣù mẹ́ta lọ ní Savalou. Pira ni wọ́n bí mi sí, ní ìhà Bantè, níbi tí a ti ń sọ Ìṣà, irú Yorùbá tiwa, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í kan ògiri àfi bí ó bá ń lé eku. Bàbá mi fi mí ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin, Tàǹtí mi yìí, nítorí ilé ìwé. Àkókò ìjọba tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní kámáráàdì ni, láti orí ọ̀gá ọ́fíìsì dé orí ará Nàìjíríà tí ń ta pẹtiróòlù nínú ìgò ní ìkòríta. Èmi nìkan ni kò rí oyè náà gbà. "Ará Pira" ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé Màhì, èdè àwọn ará Savalou, tí mo ń sọ máa ń jáde lẹ́nu mi bí ẹni tí ó wọ bàtà ọ̀tún sẹ́sẹ̀ òsì.

Dùńdú ni Tàǹtí mi ń dín, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé. Kí òróró tó gbóná ni bàbá náà ti máa ń dé láti òdìkejì ọgbà, pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀ lábẹ́ apá àti àwo kékeré kan tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ̀. Á jókòó síbi tí èéfín kò ti ní dé ojú rẹ̀. Ègé mẹ́ta ni ó máa ń jẹ, pẹ̀lú ata lílọ̀, èyí tí etí rẹ̀ jóná díẹ̀ ni ó sì fẹ́ràn jù. Mọlémọlé ni, ẹni tí ń fi amọ̀ mọ ilé. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sán kiri bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń fi òrí pa á, nítorí náà òórùn òrí àti ti dùńdú ni òórùn àárọ̀ fún mi títí di òní. Ará ìhà ọ̀dọ̀ wa ni òun náà. Ìgbà ọ̀dọ́ ni ó tẹ̀lé ọ̀gá kan wá sí Savalou láti kọ́ṣẹ́, ó gbéyàwó síbẹ̀, ó sì pẹ́ débi pé bí ó bá ń bínú, Màhì ni ó fi ń bínú.

Olùkọ́ wa ni ó kọ́kọ́ kó wa bá a. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ pàṣẹ pé kí ó mú àwọn ọmọ rin ìlú já, kí wọ́n mọ ìtàn ibi tí wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n ará etí òkun ni olùkọ́ náà, kò mọ̀ ju ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà pọ́ọ̀sì ìfìwéránṣẹ́ lọ, ó sì ní ìtìjú díẹ̀. Ó bẹ bàbá náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo kíláàsì ni a jáde, olùkọ́ ń tẹ̀lé wa pẹ̀lú ìwé àti bíìkì, ó ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀, ìgbà tí ó sì kọ ohun tí ó tó í kọ tán, kò padà wá mọ́. Àwa mẹ́jọ ni kò lè dáwọ́ dúró. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ tí a kì í lọ sí ilé ìwé, a ó kóra jọ sídìí máńgòrò, bàbá náà á fi omi ṣan ẹnu, a ó sì gbéra.

Ìrìn rẹ̀ kì í yá. Ó lè lo ìdajì ọ̀sán lórí òpópónà tí ìyá rẹ lè rán ọ kọjá kí itọ́ tó gbẹ nílẹ̀. Àwọn àlejò tó bá wá sí Savalou, òkè àti àpáta ni wọ́n ń wò. Òun, ògiri ni ó ń fi hàn wá. Ó kọ́ wa láti ka ìpele. A máa ń mọ ògiri amọ̀ dé ìwọ̀n kan, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí á tó gbé òmíràn lé e, ojú ibi tí ìpele méjì ti pàdé kì í sì í parẹ́ tán bí ó ti wù kí a rẹ́ ẹ tó. Nípa kíka ìpele, a máa ń mọ ilé ẹni tí ó ní sùúrù àti ilé ẹni tí ó ń kánjú nítorí ìyàwó tuntun ń bọ̀. Ó mọ àwọn tó ń kánjú wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Á sọ ìtàn wọn ní Màhì, àwọn ọmọ yòókù á rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà á yíjú sí mi, á sọ ọ́ fún mi ní Ìṣà. Ohun tí ó gùn tó òpó lẹ́nu rẹ̀ ní Màhì, gbólóhùn méjì ni ó máa ń jẹ́ nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ṣì ń fura pé gbogbo ibi tó dùn ni wọ́n fi dù mí.

Òfin rẹ̀ kò ṣòro. Ògiri tí ilé rẹ̀ ń tọ́jú, a ó pàtẹ́wọ́ fún un. Èyí tí wọ́n pa tì, a ó dúró níwájú rẹ̀, a kò ní sọ̀rọ̀, a ó wò ó, a ó lọ. Bí ẹ kò bá tí ì rí bí ìdákẹ́jẹ́ ọmọ mẹ́jọ ṣe ń dun onílé, ẹ lọ dán an wò. Mo mọ ọkùnrin kan tó jáde sí wa, tó ní kí la ń wò, tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, àwọn ìyàwó rẹ̀ ti ń po amọ̀. Níbi ògiri ààfin nìkan ni a kì í ti í ṣe èyíkéyìí. Níbẹ̀, a ó bọ́ bàtà, bàbá náà á bọ́ fìlà, a ó rọra kọjá, ọwọ́ gbogbo wa á wà lẹ́yìn kí oríkèé ẹnikẹ́ni má baà ṣàṣìṣe. Ó sọ fún wa pé nígbà tí òun ṣì ń kọ́ṣẹ́, òun bá wọn po amọ̀ kan ní ìta ibẹ̀, fún ọjọ́ púpọ̀, wọn kò sì jẹ́ kí òun fọwọ́ kan ògiri. Ẹsẹ̀ òun nìkan ló ṣiṣẹ́ fún ọba, ni ó wí, ó sì wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tó yege.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yí padà, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ti ń lọ sópin, ìkùukùu kékeré ti ń yọjú lẹ́yìn òkè. A yà sí òpópónà kan tí bàbá náà kì í mú wa gbà. Ọmọ tó ń dáhùn kí ìbéèrè tó parí ni ó ṣíwájú, àwa sì tẹ̀lé e. Níbẹ̀ ni a ti rí ilé ẹnu ọ̀nà kan, èyí tí a ń gbà kọjá kí á tó wọ inú agbo ilé: ó ga, ó ní ibùjókòó amọ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú rẹ̀, wọ́n sì kùn ún ní ẹfun. Ó funfun débi pé a ní láti di ojú díẹ̀. A kò tilẹ̀ rántí kàn án. Àwa mẹ́jọ pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé a fẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ wa bó.

Nígbà tí a bojú wẹ̀yìn, bàbá náà kò sí lọ́dọ̀ wa. Ó dúró sí òdìkejì ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn.

Onílé jáde. Bàbá àgbà ọ̀rẹ́ mi ni, ọmọbìnrin tí èmi àti rẹ̀ jọ ń jókòó lórí àga kan ní kíláàsì, òun náà sì wà láàárín wa. Ó ti fi iṣu ṣòwò dé Kútọnu, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò. Gbogbo ènìyàn ni kámáráàdì nígbà náà, ṣùgbọ́n bí o bá sọ pé Kámáráàdì láìfi nǹkan mìíràn kún un ní àdúgbò wa, òun ni. Ó fẹ́ràn àtẹ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè sí wa bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ìpàdé.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ wò ó dáadáa o, nítorí bí ọjà ńlá tó ń bọ̀ bá ti kọjá, a ó wó o. Amọ̀ inú rẹ̀ ti kú. Bíríkì ni n ó fi kọ́ òmíràn."

Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ìdí ògiri. Nígbà yẹn ni a tó rí i pé sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ ti wú bí àkàrà inú òróró, ó ti ń bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì dúdú. Kámáráàdì kò wo òdìkejì ọ̀nà. Bàbá náà kò wo Kámáráàdì. Òkè ẹnu ọ̀nà ni ó ń wò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní nǹkan láti rí. A padà sílé láìsí ìtàn kankan lójú ọ̀nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Tàǹtí mi fi ègé dùńdú mẹ́ta sápá kan, àwọn tí etí wọn jóná díẹ̀. Bàbá náà kò wá. Tàǹtí mi fi àwo bò ó títí ó fi le bí igi. Ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹrin bẹ́ẹ̀. Mo rán ara mi lọ sí òdìkejì ọgbà, mo bá a lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ó kọjú sí ara ilé tirẹ̀, ó ní ebi kò pa òun.

Bí a ṣe ń bẹ iṣu ni Tàǹtí mi sọ ọ́ fún mi. Ilé ẹnu ọ̀nà yẹn, bàbá náà àti ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n mọ ọ́. Òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá náà jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìpele lé. Ọ̀gá ti kú, àwọn ilé yòókù tí wọ́n jọ mọ ti wó tàbí kí wọ́n ti wó wọn. Èyí nìkan ló kù lórí ilẹ̀ tó mọ ọwọ́ àwọn méjèèjì. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí Kámáráàdì fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, bàbá náà lọ bá a ní ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ó má ṣe é. Ó ní amọ̀ a máa mu omi òjò, a sì máa dá a padà fún oòrùn. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì bo ojú rẹ̀, omi tó bá gba ìdí wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde. Níwájú àwọn òṣìṣẹ́, níwájú àwọn ìyàwó ilé, Kámáráàdì ní ayé amọ̀ ti kọjá, ó ní bàbá náà ń wá iṣẹ́ ni. Bàbá náà dé fìlà rẹ̀, ó ní òun kò ní gba abẹ́ ilé náà kọjá mọ́ títí onílé yóò fi wá pe òun.

"Ó dáa, kí ẹnì kan lọ sọ fún Kámáráàdì," ni mo wí.

Tàǹtí mi ní tí mo bá ti rí ẹni náà, kí n jẹ́ kí òun mọ̀ ọ́n.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ìwé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jókòó tì í ní gbogbo àkókò ìsinmi. Ó ní kò yé òun. Bí amọ̀ bá kú lóòótọ́, ó yẹ kí ó kú ní gbogbo ara. Inú ọ̀nà tí àwọn ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ńkọ́? Wọn kò rẹ́ ibẹ̀, sìmẹ́ǹtì ti tán kí wọ́n tó dé inú, kò sì sí nǹkan kan tó ń bọ́ lára rẹ̀. Mo wò ó. Ògiri kan náà ni: ojú kan kọ sí ìta, ojú kejì kọ sínú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, gbogbo ilé wọn ti lọ sí ọjà. Ọ̀rẹ́ mi wá èédú nínú ààrò. Mo ń kàn án, ó ń gbọ́, lẹ́yìn náà òun á kàn án, èmi á gbọ́. Nínú ọ̀nà, láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ wa tó: kì, kì, kì, bí ìgbà tí a bá kan orí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé. Lóde, lórí funfun: kóró, kóró, bí ìgbà tí a bá kan ti èmi. Níbi tí ó bá ti sọ kóró, ọ̀rẹ́ mi á fi èédú sàmì síbẹ̀. A kò mọ iye àmì tí a ṣe. Nígbà tí a sún sẹ́yìn láti wo iṣẹ́ wa, ògiri funfun náà ti di ẹtù.

Ibẹ̀ ni Kámáráàdì bá wa.

Mo kúnlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Màhì tó kù lórí mi fò lọ, Ìṣà náà sì fẹ́ tẹ̀lé e.

"Ta ló ní kí ẹ ya àwòrán sí ilé mi lára?"

"A kò ya àwòrán, Bàbá àgbà," ni ọ̀rẹ́ mi wí. "Ibi tó ń sọ kóró ni a sàmì sí."

Ó ní kí ni kóró. Ọ̀rẹ́ mi fi hàn án. Ó kan ìta, ó fà á lọ́wọ́ wọ inú ọ̀nà, ó kan ibẹ̀. Kámáráàdì wo wá bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Lẹ́yìn náà ó wo ọ̀nà síwá sẹ́yìn bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ó ká ìka rẹ̀ kò, ó kan ìta, ó kan inú. Ó tún un ṣe. Ó bọ́ fìlà, ó gbé etí lé e. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí pé n kò tí ì rí ọmọ ìgbìmọ̀ tí etí rẹ̀ wà lára ògiri rí, ṣùgbọ́n ìyà tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ wá jẹ́ kí n gbé e mì.

Ó wọlé, ó mú àdá jáde. Ó ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ sìmẹ́ǹtì, ó gbé e, pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ tó atẹ já bọ́ lẹ́sẹ̀ wa. Òórùn tó jáde dà bí ti ìkòkò omi tí a ti gbàgbé sí igun ilé. Amọ̀ abẹ́ rẹ̀ rọ̀, ó ń tẹ̀ sí ọwọ́. Ó fi àdá họ ọ́. Nígbà tí ó họ ọ́ tó ìka kan jinlẹ̀, àdá ta padà, ó dún bí ẹni tó ṣá òkúta. Ó họ ibòmíràn. Ìka kan, lẹ́yìn náà ó le.

Ó gbé àdá náà ti ògiri.

"Omi wọlé," ni ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Kò rí ọ̀nà jáde," ni èmi náà wí, ohùn mi kò sì ju ti ẹ̀fọn lọ.

Kò bi wá ẹni tó kọ́ wa. Gbogbo wa la mọ̀. Ó ní kí a lọ pe bàbá náà wá fún òun.

Ọ̀rẹ́ mi ni ó sọ ohun tí àgbàlagbà kankan kò lè sọ ní àdúgbò náà. Ó kọ́kọ́ sún sẹ́yìn díẹ̀, ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ kò ti ní bá a, ó ní: "Wọn kò ní tẹ̀lé wa, Bàbá àgbà. Ẹ̀yin lẹ lé wọn. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òróró ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná nígbà tí mo rí Kámáráàdì tó ń bọ̀ ní òpópónà wa, nínú aṣọ tí kì í ṣe ti ìpàdé. Ó kọjá lára Tàǹtí mi, ó kí i, ó ní kí ó dín ti ẹni méjì. Ó lọ sí òdìkejì ọgbà. Mo gbé abọ́ iṣu mo sì tẹ̀lé e, nítorí mo mọ̀ pé iṣu náà nílò afẹ́fẹ́.

Bàbá náà wà lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. Kámáráàdì kò dúró kí wọ́n fún òun ní ìjókòó, ó lóṣòó sílẹ̀. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n bèèrè ilé, wọ́n bèèrè ọmọ, wọ́n bèèrè oko, títí tí kò fi sí nǹkan mìíràn láti bèèrè.

"Àwọn ọmọ wá kan ilé mi," ni Kámáráàdì wí.

"Kí ni ilé wí?"

"Ó ní òun kò tí ì kú."

Bàbá náà na ọwọ́ gba fìlà rẹ̀ lórí ìṣó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, wọ́n jẹ dùńdú náà, àwọn méjèèjì, láti inú àwo kékeré tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ̀, bàbá náà sì jẹ ègé márùn-ún.

Kí ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló bọ̀ sípò. Bàbá náà lo ọ̀sán kan gbáko lórí ilé náà, ó ń kàn án láti igun dé igun, àwa mẹ́jọ ń tẹ̀lé e bí adìyẹ. Nígbà tí ó dé apá òsì, nísàlẹ̀, àdá wọlé dé èkù láìta padà. Ó dúró síbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ pa ibẹ̀. Ó ní apá yìí ti lọ. Ó sọ fún Kámáráàdì pé, "Bí mo bá ní kí o dá a sí, mo purọ́ fún ọ, yóò sì wó lu ọmọ ẹnì kan." Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé àdá lé e. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá yóò sunkún. Kò sunkún, ó ń sọ fún àwọn tó ń wó o pé kí wọ́n rọra, kí wọ́n má gbọn ìyókù.

Apá ọ̀tún àti ojú ẹnu ọ̀nà kù. Wọ́n bọ́ sìmẹ́ǹtì kúrò lára wọn, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún oòrùn. Ojoojúmọ́ ni a ń lọ wò wọ́n, ojoojúmọ́ ni a sì ń wo ìkùukùu lẹ́yìn òkè. Nígbà tí ògiri náà ti pupa fòò ní gbogbo ara, tí kò dúdú níbì kankan mọ́, bàbá náà ní ó yá. Àwọn obìnrin òpópónà náà kó amọ̀ jọ, Tàǹtí mi pa iná dùńdú ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo rí i tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì se èèpo èso igi irú nínú ìkòkò ńlá títí omi rẹ̀ fi dúdú bí omi aró. Omi náà ni wọ́n ń dà sínú amọ̀ kí òjò má baà lè wọ̀ ọ́. Òórùn rẹ̀ le, ó wọ aṣọ, ó wọ irun, ó wọ iṣu tí a jẹ lálẹ́. A fi ẹsẹ̀ po amọ̀, gbogbo àwa ọmọ, dé ibi tí orúnkún ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ti ní orin kan nílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, ní Màhì tó tọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, lórí ọkùnrin kan tó kun ilé ní ẹfun bí ìyàwó, tó wá ń fi àdá wá ohun tó sin síbẹ̀. Ó dùn. Mo ti kọ́ àwọn mẹ́fà nínú wa, ọ̀rẹ́ mi nìkan ni mo fi í pamọ́ fún. Ohun tí mo ń dúró dè ni kí Kámáráàdì jáde.

Ó jáde. Àwọn obìnrin ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n bàbá náà ní kí wọ́n dúró. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ amọ̀, ó gbé e fún Kámáráàdì. Kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín sì ti ń rìn lẹ́nu àwọn obìnrin. Kámáráàdì gbà á. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Amọ̀ náà ń ṣàn sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ìdajì já bọ́, ó ṣà á, ó tún un tẹ̀. Mo la ẹnu láti dá orin náà.

Bàbá náà kò tilẹ̀ yíjú sí mi. Ó sọ ọ́ ní Ìṣà, jẹ́jẹ́, kí ó má baà yé ẹlòmíràn: "Jẹ́ kí ó rẹ́ ẹ tán."

Mo pa ẹnu dé. Kámáráàdì rẹ́ ibi tí ó fẹ̀ tó ẹní, ó wúlẹ̀ rí játijàti, àwọn obìnrin sì ní láti tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó sún sẹ́yìn, bàbá náà ni ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Àwa yòókù tẹ̀lé e. Kámáráàdì kò gbé ọwọ́ sókè bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ìpàdé. Ó ń wo ọwọ́ náà, ó kún fún amọ̀.

Òjò àkọ́kọ́ bá wa lójú ọ̀nà láti ilé ìwé. Abẹ́ ilé ẹnu ọ̀nà náà ni a sá sí, ohun tó kù nínú rẹ̀, a sì bá bàbá náà níbẹ̀, ó ti dé ṣáájú òjò. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó sì fi í síbẹ̀ títí òjò fi dá. Kò sí ohun tó wó.

Ó ti pẹ́ tí bàbá náà ti lọ, Kámáráàdì náà ti lọ, èmi sì ti di ẹni tí àwọn àgbà ń sá fún nítorí ẹnu rẹ̀. Mo ń fi olówó ṣẹ̀fẹ̀, mo ń fi olùkọ́ ṣẹ̀fẹ̀, ọkọ mi kò tíì fìgbà kan jẹun tán láìgbọ́ ti ara rẹ̀. Bí mo bá kó àwọn ọmọ rin Savalou lónìí, tàbí Bantè, ẹ̀rín ni mo fi ń fà wọ́n láti ilé dé ilé, nítorí n kò ní sùúrù bàbá náà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, mo máa ń bá ẹnì kan tó ti ba nǹkan jẹ́, tó ti mọ̀ pé òun bà á jẹ́, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń tún un ṣe níṣojú gbogbo ayé, tí kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ tó dùn jù lọ á ti wà lórí ahọ́n mi. Mo máa ń gbé e mì, mo sì máa ń wá ibi jókòó sí, kí n lè wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá ṣe é tán.